Ogun Jálumi Wà Lẹ́yìnkùlé Wa, Ogun Ilẹ̀ Àjèjì Là Ń Fi Géèmù Jà

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iléeṣẹ́ Square Enix ti ilẹ̀ Japan tún gbé géèmù àtijọ́ kan jáde. Final Fantasy Tactics ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1997 ni ó kọ́kọ́ bọ́ sórí àtẹ, fún PlayStation àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti fi ṣeré. Ọdún 28 ti kọjá láàárín ìgbà méjèèjì, síbẹ̀ àwọn tó ṣe é ní kékeré, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, ṣì ń fi owó gidi rà á. Ẹni tó bá wà ní Ìgbayé, ní Inísà tàbí ní Ìkìrun lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan òun. Ó kàn án ju bí ó ti rò lọ. Ìtàn ogun ni géèmù náà ń sọ, ọ̀nà tó sì gbà sọ ọ́ mú kí ọmọ Tokyo àti ọmọ London mọ ẹni tó jà, ìdí tó fi jà, àti ẹni tí ìyà ogun náà jẹ jù. Àwa tí ogun gidi jà lórí ilẹ̀ wa, tí odò tó gbé òkú ogun náà lọ ṣì ń ṣàn lójú wa, kò tí ì fi ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ sí iwájú àwọn ọmọ wa.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú géèmù tí mò ń wí. Ẹ má ro ti èyí tí ọmọ ń tẹ bọ́tìnnì wàràwàrà, tí ìbọn ń ró lákọlákọ. Èyí sún mọ́ ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni méjì tó jókòó kojú ara wọn, ìrònú ni gbogbo ìyókù. Òpè a máa jẹ ohun tó bá rí lójú ẹsẹ̀. Ọ̀ta a máa wo ibi tí ọmọ ayò òun yóò bọ́ sí ní ìgbà kẹta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni géèmù ọgbọ́n ogun. Wọ́n pín pápá ogun sí ojú kéékèèké bíi pátákó dráfù. Ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣísẹ̀ tó lè gbé kí ó tó kan ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣeré ni balógun: òun ni yóò yan tafàtafà, òun ni yóò yan ẹni tí yóò gbé apata àti ẹni tí yóò máa wo àwọn tó fara gbọgbẹ́ sàn. Kò sí ẹni tí yóò sáré sí i. Bí ó bá wù ú, kí ó ronú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbé ẹyọ ẹsẹ̀ kan.

Irú eré yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Japan. Fire Emblem ti Nintendo jáde ní ọdún 1990, Tactics Ogre sì tẹ̀lé e ní ọdún 1995. Àwòrán pẹlẹbẹ ni ilẹ̀ inú wọn, bí ẹni ya máàpù sórí bébà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tactics Ogre ti gbìyànjú láti fi òkè àti kòtò hàn. Ìyípadà dé nígbà tí ẹ̀rọ PlayStation àti Sega Saturn jáde ní ìparí ọdún 1994. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lágbára láti gbé ilẹ̀ tó ní gígùn, ìbú àti gíga kalẹ̀. Ní ọdún 1996, Konami gbé Vandal Hearts jáde. Ní 1997, Final Fantasy Tactics dé, Shining Force III sì dé sórí Saturn. Nínú Final Fantasy Tactics, ẹni tó ń ṣeré lè yí ilẹ̀ náà po bí ẹni yí odó po, kí ó wo ohun tó wà lẹ́yìn ilé àti ẹni tó ba sẹ́yìn àpáta. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣì jẹ́ àwòrán pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ti di ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Nígbà tí ilẹ̀ ní gíga, tafàtafà tó wà lórí òkè a máa ta ọfà jìnnà ju ẹni tó wà nínú kòtò lọ. Ẹni tí a bá gbá láti ẹ̀yìn kì í tètè rí ọ̀nà yẹ̀ é. Afárá tóóró kan lè sọ ènìyàn mẹ́ta di odi tí ogún ènìyàn kò lè wó. Odò tó wà níwájú jẹ́ ààbò. Bí odò kan náà bá bọ́ sẹ́yìn ẹni, ikú ni. Ọmọ tó bá ti ṣe eré yìí fún oṣù kan kò ní wo òkè àti odò bí ó ti ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo òkè àti odò tiwa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ogun ńlá kan wáyé ní agbègbè Ìkìrun. Ìbàdàn ló ń ṣe olórí ọ̀pọ̀ ìlú nígbà náà, ó sì fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti àwọn mìíràn. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ fi jẹ àwọn ènìyàn ló fa ọ̀tẹ̀. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá dìde, Ìlọrin sì dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n kọjú sí Ìkìrun tó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú ogun Ìbàdàn wá. Ìbàdàn ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, tí òkìkí wọn kàn nídìí ẹṣin, ń sá padà sílé, wọ́n kan odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bọ́ sínú omi kú. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Orúkọ yẹn nìkan tó ìwé kan. A kò fi orúkọ ẹni tó ṣẹ́gun pe ogun náà, a kò sì fi orúkọ ìlú tí wọ́n jà lé lórí pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń sá ni àwọn baba wa fi sọ orúkọ. Wọ́n ti mọ̀ pé ilẹ̀ ló jagun lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí Jálumi ṣe rí, kò lè fi orí ìwé nìkan mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àwọn òkè Ìkìrun wà sí ọ̀nà, ibi tí Ọ̀tìn ti fẹ̀ àti ibi tí ó ti tóóró, àti bí ilẹ̀ ṣe lọ láti Ìkìrun dé Inísà, dé Òkukù, dé Ìgbayé. Lójú tèmi, kò sí ohun èlò tí ayé òde òní ní tó lè fi èyí han ọmọ ọdún méjìlá tó ilẹ̀ tí a lè yí po lójú tẹlifíṣọ̀n. Kí ó di balógun fún wákàtí kan. Kí ó pinnu ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin yóò gbà. Kí ó rí i pé ẹṣin tó ń já fáfá lórí pápá kì í wúlò nínú igbó àti lẹ́bàá àpáta. Kí ó wẹ̀yìn lójijì, kí ó rí odò.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn Jálumi ni wọ́n tó buwọ́ lùwé àlàáfíà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, nítorí pé ogun náà kò tán ní Ìkìrun. Ó di ogun Kírìjì, ó gba Ìgbájọ, Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí bùdó ogun ní ọdún 1885. Ọdún 1893 ni wọ́n tó tú bùdó ká pátápátá. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ará Òkukù ti fi ilé sílẹ̀, wọ́n ti sá wọ Ìkìrun. Ọmọ tí wọ́n gbé sá lọ ti di gìrìpá kí wọ́n tó padà sórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Èyí ni apá ìtàn tí a kì í sọ nígbà tí a bá ń ki àwọn balógun.

Final Fantasy Tactics kò gbàgbé irú apá bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ fara jọ Ogun Òdòdó Rósì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà láàárín ọdún 1455 sí 1487: ọba kú, ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ìkókó, agbo ilé ńlá méjì sì ń jà nítorí ẹni tí yóò di alágbàtọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, Ramza tó jẹ́ ọmọ ọlọ́lá àti Delita tó jẹ́ ọmọ tálákà. Ní kùtùkùtù ìtàn náà, ọlọ̀tẹ̀ kan fi àbúrò Delita ṣe odi ara rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọlọ́lá sì ta ọfà síbẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀, ọmọbìnrin tálákà kò tó ohun tí a ń dá ọfà dúró fún. Láti ibẹ̀ ni ohun gbogbo ti bàjẹ́. Ní ìparí, ìwé ìtàn gba Delita ní akọni, orúkọ Ramza sì parẹ́. Ẹni tó kọ òtítọ́ sílẹ̀, wọ́n sun ún níná, wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ pamọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Géèmù náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òpìtàn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìwé náà síta. Ọmọ tó ṣe é tán mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ̀: pé ẹni tó bá di àkọsílẹ̀ mú ló ń pinnu ẹni tí a ó máa pè ní akọni.

Kí ló dé tí irú géèmù yìí kò fi gbilẹ̀ láàárín wa nígbà tí PlayStation kọ́kọ́ dé? Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò ní ọpọlọ fún un. Bí a ṣe ń ṣe òwò géèmù ládùúgbò ló dí i lọ́nà. Ilé géèmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣeré, wọ́n sì ń sanwó ní ìdíje-ìdíje. Bọ́ọ̀lù a máa parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó bá pàdánù dìde, ẹlòmíràn jókòó, owó wọlé. Géèmù tó ń gba ogójì wákàtí, tó nílò káàdì tí a ó máa fi tọ́jú ibi tí a bá a dé, tó kún fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a gbọ́dọ̀ kà, ta ni yóò fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ gbé e? Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín ogun, gbogbo rẹ̀ ti wọmi. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù jọba, ìjàkadì tẹ̀lé e. Nígbà tí fóònù alágbèéká sì dé, Free Fire àti Call of Duty gba ọwọ́ àwọn ọmọ. Kò sí èyí tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ló fa ìjà.

Bí a kò bá sọ ìtàn ara wa, àwọn ẹlòmíràn yóò fún wa ní ipò tó bá wù wọ́n nínú tiwọn. Ní ọdún 2021, wọ́n fi àwọn ilẹ̀ Áfíríkà kún géèmù Age of Empires III. Inú mi dùn láti rí i. Haúsá àti Ethiopia ni wọ́n yàn ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn lè ṣe olórí fún. Yorùbá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí abúlé tí ẹlòmíràn yóò kọ́ ilé ìṣòwò sí, tí yóò sì ti ibẹ̀ rí ọmọ ogun gbà. N kò bá àwọn tó ṣe é jà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, bí wọ́n ṣe rí wa láti òkèèrè nìyẹn. Ẹni tí kò bá sọ ibi tí yóò jókòó, ibi tí àyè bá wà ni wọn yóò fi í sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ kò tíì kan géèmù. Wọ́n á ní ọmọ tí kò ka ìwé, tó ń jókòó ti fóònù dòru, kí ni ẹ tún fẹ́ fi kún un? Ẹ̀rù tó bà wọ́n tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń ṣe géèmù. Ìbéèrè tó kù ni irú èyí tí wọn yóò máa ṣe. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé ìjọba orílẹ̀-èdè yìí fúnra rẹ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nílé ẹ̀kọ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Odindi ìran kan dàgbà tí olùkọ́ kan kò sọ Jálumi létí wọn rí. A kò lè ti ilẹ̀kùn ilé ìwé mọ́ ìtàn, kí a tún máa bínú pé ọmọ ń wá eré kiri.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ. Àwọn àgbà yóò ní ká má tú egbò tó ti jinná. Ẹni tó ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ kò tíì pẹ́ tó ohun tí a lè gbàgbé. Ìjà ilẹ̀ láàárín Ifọ́n àti Ìlobùú ti gba ẹ̀mí, ó ti sun ilé, ní ayé tí a wà yìí. Bí a bá wá gbé ogun Ìbàdàn àti Ìjẹ̀ṣà, ti Ìlọrin àti Èkìtì, sójú tẹlifíṣọ̀n, ṣé àwọn ọmọ kò ní fi bú ara wọn?

Ìdáhùn mi ni pé bí a bá ṣe é bí eré ìbọn, wọn yóò fi bú ara wọn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù tí mò ń sọ yìí ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Nínú Tactics Ogre, ẹ̀yà mẹ́ta ló ń jìjà àgbà lórí erékùṣù kan. Ó dé ibì kan tí olórí ẹ̀yà tirẹ̀ gan-an ní kí o pa àwọn ará ìlú yín run, kí ẹ wá sọ pé ọ̀tá ló ṣe é, kí inú lè bí àwọn tó kù láti jà. Géèmù náà dákẹ́, ó ń retí ìdáhùn rẹ. Bí o bá gbà, ìtàn gba ọ̀nà kan. Bí o bá kọ̀, ó gba òmíràn, wọn yóò sì pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. N kò mọ ọ̀nà tó dára jù láti kọ́ ọ̀dọ́ pé ẹni tó ń pariwo pé kí ẹ lọ jà fún ìlú yín lè ní ohun mìíràn lọ́kàn. Nínú Final Fantasy Tactics pẹ̀lú, ọmọ ogun rẹ tó bá ṣubú, tí o kò sì tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ti lọ nìyẹn, bó ti wù kó ti bá ọ rìn jìnnà tó. Àwọn ọmọ a máa sunkún rẹ̀. Ìbọn orí fóònù ló ń kọ́ni pé ẹni tó bá kú yóò jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Bí a ó bá ṣe Jálumi, kí á ṣe é báyìí. Kí ẹ̀ka kan jẹ́ ti Ìbàdàn, kí òmíràn jẹ́ ti Èkìtì tí ajẹ́lẹ̀ ń fìyà jẹ, kí a lè rí i pé àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní ìdí tirẹ̀. Kí ẹ̀ka kẹta sì jẹ́ ti ará Òkukù tó di ẹrù lé orí, tó fa ọmọ lọ́wọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú ìdílé rẹ̀ dé Ìkìrun láìkú. Ẹ̀ka yìí ni n óò kọ́kọ́ fún ọmọ mi ṣe.

A kò nílò owó Japan láti bẹ̀rẹ̀. Kiro'o Games ní ilẹ̀ Cameroon gbé Aurion jáde ní ọdún 2016, ìtàn àti àṣà Áfíríkà ni wọ́n fi hun ún. Maliyo Games ti wà ní Èkó láti ọdún 2012. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí wọn kò ní ni ìtàn tí a ti kó jọ, tí a ti wọn ilẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wa ni. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà àti àṣà, ó sì ní òmíràn ní Òkukù. Ẹ ò rí i pé ilé ẹ̀kọ́ gíga méjì ló jókòó sórí pápá ogun náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà Inísà, Ìgbayé, Òkukù àti Ìkìrun kí oríkì ogun náà tó bá wọn wọlẹ̀. Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé ní Òkukù, ó sì fi oríkì àwọn ìdílé ibẹ̀ ṣe ìwé ńlá tó jáde ní 1991. Bí àlejò bá rí ìwé ńlá kọ níbẹ̀, kí ni ọmọ onílé ń wò?

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ kan ya máàpù agbègbè náà sórí páálí, kí ó pín in sí ojú kéékèèké, kí ó fi ọmọ ayò ṣe ọmọ ogun, kí ó fi búlọ́ọ̀kù kéékèèké ṣe òkè. Kò ní gba iná NEPA. Bí kíláàsì kan bá ti ṣe é, tí a sì ti mọ ohun tó ń dùn mọ́ àwọn ọmọ nínú rẹ̀, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà yóò ti ní ohun tí yóò gbé sójú tẹlifíṣọ̀n. Kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn àti Ìfẹ́lódùn lè fi owó tí wọn ìbá fi ra aṣọ àjọ̀dún ẹyọ kan ṣe èyí.

Ọ̀tìn ṣì ń ṣàn. Ọkọ̀ ń kọjá lórí afárá rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ ilé ìwé wà nínú rẹ̀, ó tẹ orí mọ́ fóònù, ó ń jagun ní ìlú tí kò sí ní máàpù kankan. Ẹ sọ fún un pé kí ó gbé ojú sókè.